Bí Ọ̀kan Nínú Wọn Bá Kú

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní òfin òwò kì í pariwo. Á gbé àpò rẹ̀ sórí tábìlì, á nu gíláàsì ojú rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Àwa tá a jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn ńlá tí à ń pè ní áńfì á máa na ọrùn kí a tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí nítorí pé n kì í tètè dé. Ìwé-ẹ̀rí tí mo ń lé nígbà náà, ẹ̀ka méjì ló jọ ń fún ni, ẹ̀ka òfin àti ẹ̀ka ìṣàkóso òwò, ibi tí wọ́n sì ti ń kọ́ wa ní méjèèjì jìnnà síra. Bí a bá parí ìṣirò níhìn-ín, a ó sáré gba inú iyanrìn ọgbà yunifásítì ní Calavi kọjá lọ sọ́hùn-ún, òógùn á ti bo gbogbo ara. Àwọn ti òfin ń pè wá ní oníṣòwò, àwọn ti òwò ń pè wá ní agbẹjọ́rò. Kò síbi tí wọ́n ti gbà pé ọmọ ilé ni wá.

Iṣẹ́ kan ló gbé fún wa lọ́dún kejì. Ó ní kí olúkúlùkù wá ilé òwò kan tó mọ̀ dáadáa, òwò kékeré, kó sì kọ ìwé àdéhùn rẹ̀ bí ẹni pé àwọn tó ni ín fẹ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ó ka ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún wa: orúkọ àwọn tó ni òwò, ohun tí kálukú mú wá, bí wọ́n á ṣe máa pín èrè àti àdánù. Nígbà tó dé ìparí, ó gbójú sókè.

"Ẹ má gbàgbé ìlà tó sọ̀rọ̀ ikú," ó wí. "Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ṣé òwò kú pẹ̀lú rẹ̀ ni, àbí yóò máa lọ? Ta ni yóò gba ipò rẹ̀? Ẹni tí kò bá kọ ìyẹn, mi ò ní ka ìwé rẹ̀ tán."

Ilé òwò wo ni mo tún fẹ́ máa wá kiri? Mo ní tèmi nílé. Ìyá mi àti Màmá Kékeré jọ ní bùtíìkì kan ní oríta Godomey, níbi tí gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Kútọnu bọ̀ ti ń dín eré kù. Ohun èlò ìránṣọ ni wọ́n ń tà: òwú oríṣiríṣi àwọ̀, bọ́tìnnì, sípù, abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Kò sí aránṣọ kan ní agbègbè yẹn tí kò mọ̀ wọ́n. Màmá Kékeré kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa o. Ará Pobè ni, onígbàgbọ́ sì ni. Ará Ṣakété ni ìyá mi, mùsùlùmí sì ni òun. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nígbà ọmọge ni wọ́n ti pàdé, àwọn méjèèjì ò sì fẹ́ràn aṣọ rírán rárá. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn ni kí wọ́n tú òwú ọ̀gá wọn palẹ̀, kí wọ́n tún un tò. Torí pé ó kéré sí ìyá mi lọ́jọ́ orí la ṣe ń pè é ní Màmá Kékeré, nítorí ní ti ara, obìnrin náà sanra, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹni tó wà ní òdìkejì títì á yíjú wò ó.

Bùtíìkì wọn kì í tì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ìyá mi bá lọ kírun, Màmá Kékeré á jókòó. Lọ́jọ́ Àìkú, bí Màmá Kékeré bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi á jókòó. Lóṣù ààwẹ̀, Màmá Kékeré kì í jẹun lójú ìyá mi. Á gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, á jẹ ẹ́ kíákíá, á nu ẹnu kó tó wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ebi ò tilẹ̀ pa mí lónìí," ni yóò wí, epo á sì ṣì wà létí ẹnu rẹ̀. Ìyá mi á ní, "Ó hàn bẹ́ẹ̀." Àpótí kan ṣoṣo ni owó ń wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú níbẹ̀ á mú, á sì sọ fún èkejì. N kò gbọ́ kí wọ́n jà lórí rẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni bí ó ṣe yẹ kí wọ́n to òwú. Ìyá mi fẹ́ kí òwú pupa jókòó ti pupa, Màmá Kékeré ní ibi tí ọwọ́ aránṣọ ti ń yára dé ni kí wọ́n kó èyí tó ń yá sí.

Orúkọ Màmá Kékeré nìkan ló wà lára ìwé bùtíìkì náà. Èmi ni mo fà á. Ọ̀sẹ̀ tí onílé ní kí wọ́n wá gba kọ́kọ́rọ́ ni ìyá mi bí mi, kò sì ní jáde títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Màmá Kékeré dá lọ, onílé sì kọ orúkọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìwé onílé ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n tún kọ síbẹ̀. Ìyá mi ò sọ pé kí wọ́n fi tòun sí i. Báwo ni yóò ṣe wí i? Bí o bá ní kí ọ̀rẹ́ rẹ fi orúkọ rẹ sínú ìwé, ohun tí o sọ fún un ni pé ọkàn rẹ ò balẹ̀ sí i. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi rá, mo rìn, mo dàgbà, mo wọ yunifásítì, ìwé ṣì wà bó ṣe wà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́ ni mo lọ bi wọ́n. Mo mú ìwé àti bíìkì ìkọ̀wé mi, mo jókòó sórí páálí òwú. Inú àwọn méjèèjì dùn pé àwọn ni mo yàn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ẹ̀ka òfin ni Màmá Kékeré ti sọ mí ní Mẹ́tìrì, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe agbẹjọ́rò. Bí aránṣọ kan bá fẹ́ ná òwú jù, á ní, "Rọra o, a ní Mẹ́tìrì nílé."

Mo béèrè ohun tí kálukú mú wá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn.

"Kí la mú wá?" ni ìyá mi wí. "A mú ara wa wá."

Mo kọ ọ́. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń pín èrè. Màmá Kékeré ní, "Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ò bá yá ló ń kọ́kọ́ pín." Mo kọ ìyẹn náà, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ṣí ojú ewé kejì, mo sì béèrè ìlà tó kù gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe sọ ọ́.

"Bí ọ̀kan nínú yín bá kú, ta ni yóò gba ipò rẹ̀?"

Áà! Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Nàgó ti mọ ohun tí mo ṣe. A kì í wojú àgbà ká ní "bí ẹ bá kú". "Bí ọjọ́ bá pẹ́" là ń wí, àdúrà la sì ń fi tì í. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìbéèrè yẹn, nínú Faransé kò sì wúwo lẹ́nu mi rárá. Nínú áńfì, à ń sọ ikú oníṣòwò bí ẹní ń sọ iye iṣu lọ́jà. Ìgbà tí mo yí i sí èdè ilé, tí ó jáde tán, ni mo tó gbọ́ ohun tí mo wí.

Ìyá mi ti dìde. Ó fi ọwọ́ yí orí ká, ó sì ta á dànù sí ìta.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ sí wa? Irú ẹnu wo nìyẹn? Tutọ́ dànù! Mo ní kí o tutọ́ dànù kíá!"

Mo sáré lọ tutọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ kan tó wá ra sípù dúró síbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo èmi àti ìyá mi. Màmá Kékeré nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ìwé ló rán an. Mẹ́tìrì, ó yá, kọ ọ́: bí mo bá kú, ìyá ẹ á sunkún títí ojú rẹ̀ á fi wú. Ilẹ̀ á mọ́, á wá ṣílẹ̀kùn. Àbí ta ni yóò máa ta òwú fún aránṣọ?"

Ìyá mi fi ìka di etí méjèèjì. Kò bá èmi àti Màmá Kékeré sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi palẹ̀ ọjà mọ́. Mo ya ojú ewé yẹn kúrò nínú ìwé mi. Ilé òwò tí mo fi ọkàn ara mi rò ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo kọ ìlà ikú rẹ̀ dáadáa, ó sì yìn mí.

Òjò àkọ́rọ̀ ò tíì fìdí múlẹ̀ nígbà tí Màmá Kékeré ní orí ń fọ́ òun. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní kí ìyá mi bá òun bu omi. Ìgbà tí ìyá mi fi bu omi dé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan. Àwọn onísémíjàn tó wà ní oríta ní àwọn ò lè gbé e lórí alùpùpù bẹ́ẹ̀, wọ́n bá wọn dá takisí kan dúró, wọ́n sì bá wọn gbé e wọ ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ò ṣú tó fi lọ.

Mo wà ní Calavi, mo ń ti ibi ìṣirò lọ síbi òfin, nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá mi ò sọ pé ó kú. Ohun tó wí ni pé, "Màmá Kékeré ò dúró dè wá mọ́ o." Mo jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó dùn mí dé eegun. Obìnrin yẹn ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, òun ló máa ń fi sípù tó bàjẹ́ ṣe ohun ìṣeré fún mi. Ẹ̀rù sì tún bà mí. Mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dí iṣan lórí. Síbẹ̀ ìbéèrè mi ń dún létí mi, n kò sì ní purọ́ fún yín, ó ṣì ń dún níbẹ̀ nígbà mìíràn.

Pobè ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ará ilé rẹ̀ kí ìyá mi, wọ́n fún un lága, àmọ́ kò sí ẹni tó wá jókòó tì í. Èmi ni mo jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n ń kọrin ìsìn, tí a ò mọ orin náà, ìyá mi kàn ń mi orí, omijé ń ṣàn wọnú ìborùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ibojì dé, ẹ̀gbọ́n Màmá Kékeré ní kí n wá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin gíga, tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Wọ́n ní o mú ìwé wá bá àbúrò mi, o bi í pé bó bá kú, ta ni yóò gba bùtíìkì. Ṣé òótọ́ ni?"

Aránṣọ oní-sípù yẹn! Ará Pobè lòun náà. Láti oríta Godomey ló ti gbé ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti dé agboolé wọn kí òkú tó dé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Àwọn méjèèjì ni mo bi. Màmá Kékeré tilẹ̀ dá mi lóhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ìyá mi ṣílẹ̀kùn."

Mo rò pé mo ń tún un ṣe ni. Bàbá náà wò mí títí.

"O bi í nígbà náà," ó wí.

Ìyẹn nìkan ló gbọ́. Ìyókù, ẹnu ọmọ ẹni tí yóò jèrè rẹ̀ ló ti jáde. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo sin àbúrò mi lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí n má gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Àmọ́ n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ní tọrọ rẹ̀ lónìí. Ìbéèrè náà dára. Ẹni tí kò bi ara rẹ̀ rí ni ojú rẹ̀ máa ń rí ohun tí ojú ìyá mi wá rí.

Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gba bùtíìkì àbúrò òun, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màmá Kékeré fi sílẹ̀, tó wà nílé ọkọ ní Kétu. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ẹnìkan ló wà lórí rẹ̀, ẹni náà sì ti di òkú, ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Bí a ò bá ṣe nǹkan kan, ìyá mi á di ẹni tí kò ní ibi tí yóò jí lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n sí.

Mo tọ olùkọ́ wa lọ lẹ́yìn kíláàsì. N kò sọ fún un pé ìyá mi ni. Mo ní "àwọn obìnrin méjì kan". Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Òfin kì í béèrè ìwé ní gbogbo ìgbà," ó wí. "Ẹni méjì tó jọ fi ara wọn sí òwò kan, tí wọ́n jọ ń jèrè, tí wọ́n jọ ń pàdánù, òfin mọ̀ wọ́n sí ẹgbẹ́ òwò, àwọn fúnra wọn ì báà má mọ̀. Ohun gbogbo ló sì lè jẹ́ ẹ̀rí. Ṣé wọ́n ní ẹlẹ́rìí?"

"Gbogbo aránṣọ Godomey ni, Pùròfẹ́sọ̀."

"Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Sọ fún ìyá rẹ kó má bẹ̀rù."

Ó ti mọ̀. Mo fò sẹ́yìn sémíjàn, mo ní kó sáré. Ohun tí mo ń lé káàkiri nínú iyanrìn láti ọjọ́ yìí fẹ́ wúlò wàyí. Mo ti ń to àwọn aránṣọ nínú orí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ìyá mi jókòó sórí ẹní, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Kóòtù," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A máa járe."

"Kí n kó aránṣọ lẹ́yìn, kí n lọ máa fa òkú ọ̀rẹ́ mi níwájú adájọ́? Kí wọ́n bi mí pé èwo ni tèmi, èwo ni tirẹ̀? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Inú bí mi. Ahọ́n mi mú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ti jogún rẹ̀. Mo ní, "Màmá, wọ́n ti kú! Ẹ̀yin àti ta lẹ tún fẹ́ ṣọ̀rẹ́?"

Ó wò mí, kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

"Èmi àti òun náà ni," ó wí.

Bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Parakou, dé lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé yóò gbè mí. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Fi ìyá ẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni, kì í ṣe tìrẹ, kì í ṣe tèmi." Mo wọ yàrá mi, mo sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Bàbá Pobè wá bó ṣe wí. Ó mú ọmọ Màmá Kékeré dání, ẹni tó kàn ń wolẹ̀, tí oyún wà nínú rẹ̀. Wọn ò wá jà. Kó tó jókòó, bàbá náà kí ìyá mi kú ìrójú. Lẹ́yìn náà ló wá wí pé, "Àbúrò mi, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Ẹ mú tiyín níbẹ̀, kí a mú tiwa."

Ìyá mi dìde. Ó lọ síwájú pákó tí òwú wà lórí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé òwú pupa, ó gbé e kúrò. Ó gbé ọwọ́ lé páálí bọ́tìnnì, ó tún gbé e kúrò. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo pákó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojú tó mọ̀ láàárín èrò. Bó bá ní tòun nìyí, a jẹ́ pé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tòun. Kò sì sí èyí tó jẹ́ tòun láìjẹ́ ti Màmá Kékeré. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ń pariwo nínú orí mi: ẹ̀rí nìyí, ẹ̀rí wo ló tún kù, ẹni méjì tí wọn ò lè ya ẹrù wọn sọ́tọ̀! Mo la ẹnu. Ìyá mi yíjú, ó fi ojú bá mi wí, mo sì pa á dé.

Ó mú àpótí ìjókòó rẹ̀, sísọ́ọ̀sì rẹ̀, àti ẹní ìkírun tó máa ń ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ṣé ìyẹn nìkan?" ni bàbá náà béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ìwọ̀nyí nìkan ni mo mọ̀ pé tèmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

Bàbá náà kọjú sí ògiri. Ó wá lọ gbé àga Màmá Kékeré fúnra rẹ̀, àga onígi tí ọwọ́ rẹ̀ kan ti yẹ̀, ó gbé e jáde, ó sì gbé e lé àpótí ìyá mi lórí. Ó ní, "Ẹ bá wa tọ́jú èyí." Ọmọ Màmá Kékeré bú sẹ́kún. Ìyá mi ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ń sọ fún un pé kó rọra nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé àga náà lé orí, a rìn lọ sílé.

Lábẹ́ páànù tí bàbá mi kàn síwájú ilé wa ni ìyá mi ti ń tajà báyìí. Àwọn aránṣọ wá a rí. Kò pọ̀ bí ti oríta, ìyá mi sì ti di ẹni tó ń dá nìkan jókòó. Ó ń to òwú sí ibi tí ọwọ́ aránṣọ ti ń yára dé, kì í to pupa ti pupa mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń tì í. Ibi tí bùtíìkì wọn wà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, bí a bá sì fẹ́ gba oríta kọjá, òdìkejì títì ni ìyá mi ń gbà.

Èmi parí ẹ̀kọ́ mi. Mo gba ìwé-ẹ̀rí alápá méjì náà, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan nítòsí Jonquet ní Kútọnu, níbi tí ilé ọtí ti máa ń tì ní ọ̀sán. Ìwé àdéhùn òwò ni mo ń kọ fún àwọn oníbàárà. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ ìlà ikú. Mo ń bi àwọn ọkùnrin tó so táì mọ́ ọrùn, àwọn obìnrin tó wọ góòlù, mo ń fi Faransé bi wọ́n, wọ́n ń dáhùn, mo ń kọ ọ́.

Láìpẹ́ yìí, lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìyá mi kírun tán, ó sì pè mí láti ìta.

"Mẹ́tìrì!"

Láti ìgbà tí Màmá Kékeré ti lọ, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ nílé mọ́. Mo jáde. Ó ní kí n mú ìwé mi wá, kí a fi orúkọ ìsọ̀ náà sílẹ̀, orúkọ òun àti tèmi, méjèèjì. Mo jókòó sórí àga Màmá Kékeré, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kan yẹ̀. Mo béèrè ohun gbogbo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dáhùn, mo ń yí i sí Faransé bó ti ń wí. Nígbà tí mo béèrè ohun tí kálukú mú wá, a ò wo ojú ara wa. Mo kọ ọ́ kíákíá, mo wá ká ìwé náà, mo ní ó tán.

"Kò tán," ni ìyá mi wí. "Ó ku ìlà kan."

"Èwo, Màmá?"

"O mọ̀ ọ́n. Kọ ọ́. Bí mo bá kú..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti yí orí ká, mo ti ta á dànù. Bíìkì já bọ́ sílẹ̀. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín.

"Òun ní kí o kọ ọ́ lọ́jọ́ náà," ó wí. "Èmi ni mo di etí. Ká ní mo jẹ́ kí o kọ ọ́ ni, ǹ bá má ti gbé àpótí jáde níbẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa bíìkì nílẹ̀, ó fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìwé díẹ̀ ló kà ní Ṣakété nígbà èwe, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi, ó ń yẹ̀. Ó kọ ọ́ ní èdè ilé: Bí mo bá kú, ọmọ mi ni kó jókòó. Kó má ti ilẹ̀kùn.

"Yí i sí Faransé fún wọn," ó wí, ó sì dìde lọ dá aránṣọ kan lóhùn.

Ìwé náà wà nínú àpò mi. Mo ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì, mo ń gbé e bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà ní Faransé, àfi ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ni, n ó ti kọ ọ́ kí kọfí mi tó tutù. Bí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́, ìyá mi á bi mí bóyá mo ti mú un lọ fún wọn. Mo máa ń sọ fún un pé ó di ọ̀la.